Bí Ọ̀gá Bá Ń Ṣìnà Lóru, Ta Ni Yóò Sọ fún Un?

Ní òru ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, ọdún 1997, ọkọ̀ òfúrufú ńlá kan, Boeing 747, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Korean Air, ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Guam, erékùṣù kékeré kan tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà láàárín òkun Pàsífíìkì. Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà, ni ó ti gbéra. Ènìyàn 254 ni ó wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń lọ fún ìsinmi pẹ̀lú aya àti ọmọ, àwọn mìíràn sì jẹ́ tọkọtaya tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Òjò ń rọ̀ ní ibì kan, ojú ọ̀run sì mọ́ ní ibòmíràn. Nígbà tí agogo kan òru kọjá ní ìṣẹ́jú 42, ọkọ̀ náà kọlu òkè kan tí wọ́n ń pè ní Nimitz Hill, nígbà tí ó ku nǹkan bíi máìlì mẹ́ta péré kí ó dé pápá. Ènìyàn 228 kú. Àwọn 26 ni ó yè.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà kò bàjẹ́. Iná kò jó o lójú ọ̀run. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni, tí awakọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà lọ lu òkè nínú òkùnkùn, tí kò sì mọ̀ pé òkè ni ó wà níwájú òun. Ohun tí ó sì mú wa lọ́kàn jù lọ nínú ọ̀ràn náà ni pé kì í ṣe òun nìkan ni ó wà níwájú ọkọ̀. Ènìyàn méjì mìíràn jókòó tì í, àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́, àwọn méjèèjì sì lajú.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lè máa wí pé, kí ni ó kan àwa ará Sábọ̀n Gàrí nínú ọ̀ràn ọkọ̀ òfúrufú àwọn ará Kòríà, àwa tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wa ń wọ̀ bí a bá ń lọ sílé? Ó kàn wá nítorí ẹjọ́ tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa, èyí tí a ó dá ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ sí ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà gbọ́ ọ kò bára mu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí mẹ́rin nínú àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ti sọ ọ́ fún wa. Bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ háyà ń kó àwọn ènìyàn wa bọ̀ láti ilé lẹ́yìn ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wa, ni wọ́n fi sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Nígbà tí wọ́n kọjá Jẹ́bà, tí gbogbo èrò ti sùn, ó rí i pé dírẹ́bà ń tòògbé. Ó wí pé, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò ti rẹ̀ yín báyìí?” Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ó tún wí pé, “Bàbá, bóyá kí a dúró díẹ̀ kí ẹ bọ́jú.” Bàbá kan nínú wa tí ó wà lẹ́yìn wọn dá a lóhùn pé kí ó fi ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n tó bí i ni ọkùnrin náà ti ń wakọ̀. Ọmọ náà dákẹ́. Ìgbà kẹta, ọkọ̀ ti ń kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sínú iyanrìn, ó figbe ta, “Dúró!” ó sì gbá dírẹ́bà léjìká. Dírẹ́bà ta gìrì, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì já sí kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Kò sí ẹni tí ó kú. Apá ìyá wa kan ni ó ṣẹ́, àwọn ẹrù kan sì bàjẹ́.

Ẹ̀sùn tí a fi kan ọmọ yìí ni pé ó jágbe mọ́ àgbà, pé ó lu ẹni tí ó tó bí i lọ́mọ, àti pé ìjayà tí ó kó bá dírẹ́bà ni ó gbé ọkọ̀ sí kòtò. Wọ́n ní kí ó san ₦10,000, kí ó sì dọ̀bálẹ̀ ní gbangba ìpàdé. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín, nítorí ẹjọ́ kò tí ì parí. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ní èrò tirẹ̀, a ó sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ní ojú tiwa, ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ọ̀ràn Guam ni a fẹ́ fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá awakọ̀ Guam yìí kì í ṣe òpè. Ẹni ọdún 42 ni, ó ti wa ọkọ̀ àwọn ológun òfúrufú rí, ó sì ti lo nǹkan bíi wákàtí 9,000 lójú ọ̀run. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997 kan náà, oṣù mẹ́ta péré kí ó tó kú, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn ìyìn nítorí pé ẹ́ńjìnì kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tí ì ga, ó sì kó ènìyàn yọ. Guam náà kò ṣàjèjì sí i. Ó ti balẹ̀ síbẹ̀ rí. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má ba à rò pé awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n wà nìkan ni ó ń ṣìnà.

Ní àwọn pápá ńláńlá, ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ tí ń rán ìtànṣán sókè bí okùn tí a nà láti ojú ọ̀nà pápá lọ sí ojú sánmà. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n aago inú ọkọ̀ rí i, bí awakọ̀ bá sì tẹ̀lé e, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò ṣiṣẹ́ ní Guam ní òru náà. Wọ́n ti pa á láti tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì ti kéde rẹ̀. Awakọ̀ ní láti máa sọ̀ ní ìpele-ìpele bí ẹni tí ń sọ àtẹ̀gùn: kò gbọdọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ 2,000 ẹsẹ̀ bàtà títí yóò fi dé ibi tí a sàmì sí, kò sì gbọdọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ 1,440 títí yóò fi kọjá lórí òkè. Òun ń sọ̀ lọ ní tirẹ̀ bí ẹni pé àtẹ̀gùn kò sí. Nínú ọkọ̀ wọ́n tilẹ̀ ń bi ara wọn léèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ mìíràn tí ń sọ iye máìlì tí ó kù kò sì sí ní pápá bí ó ti máa ń rí ní ibi púpọ̀. Orí òkè náà gan-an ni wọ́n gbé e kọ́. Àwọn olùwádìí rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá awakọ̀ gbà pé òun ti sún mọ́ pápá ju bí ó ti rí lọ. Oorun sì ń kùn ún. Kì í ṣe àròsọ: ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ gbà á sílẹ̀ nígbà tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn méjì tí ó jókòó tì í ńkọ́? Igbákejì rẹ̀ jẹ́ ẹni 40 ọdún. Ẹnjiníà ọkọ̀ jẹ́ ẹni 57. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí: ẹnjiníà fi ọdún 15 ju ọ̀gá awakọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́, ipò pẹ̀lú ń pa á. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Ẹnjiníà yin rádà, pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ ní alẹ́ náà. Àwọn kan tí ó kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí sọ pé òwe ni ó ń pa, pé ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí ọ̀gá má gbẹ́kẹ̀ lé ojú, nítorí ojú ọjọ́ kò dára. Àwọn mìíràn kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí ó jẹ́, kò sí ẹni tí ó wí pé, “Ọ̀gá, a ti sọ̀ kalẹ̀ jù.” Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ké pé ilẹ̀ ti sún mọ́. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tàbí méje, igbákejì wí pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè padà, pé òun kò rí pápá. Ẹnjiníà pẹ̀lú wí pé kí wọ́n padà sókè. Ọ̀gá gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á sókè. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà: kí ènìyàn ka owó bébà mẹ́wàá, ó ti tán. Ọkọ̀ náà kò rí òkè gùn mọ́.

Ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ sọ pé ọ̀gá awakọ̀ kò la bí wọn yóò ti balẹ̀ yé àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, kò sì ṣe é bí ó ti yẹ; ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n fi kún un pé igbákejì àti ẹnjiníà kò ṣọ́ ọ̀gá wọn, wọn kò sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní ojú àwọn olùwádìí, ẹni tí ó dákẹ́ náà wà nínú ẹ̀bi.

Àwọn ará Kòríà jọ wá púpọ̀ nínú ọ̀ràn ọ̀wọ̀. Èdè wọn ní ọ̀nà tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, tí kò bá ti ẹgbẹ́ ẹni mu, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ní “ẹ” àti “o”. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí kò ní dédé wí fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó ṣì í ṣe. Àwa pẹ̀lú ń wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀ yóò di odindi. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, a sì ń fi í gbé ilé àti ẹgbẹ́ wa ró. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ fẹ́ àyè. Ó fẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ó lè jókòó, kí ó rò ó, kí ó sì yé e. Ẹni tí oorun ń kùn, tí ó di ọkọ̀ mú nínú òkùnkùn, níbo ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ yóò ti ráyè di odindi nínú rẹ̀? “Ṣé kò ti rẹ̀ yín báyìí?” Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ọmọ yẹn kọ́kọ́ sọ. “Bóyá kí a dúró díẹ̀.” Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni kejì pẹ̀lú. Ó bu ọ̀wọ̀ fún àgbà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó figbe ta.

Kí àwọn kan má wí pé àṣà Kòríà àti ti Yorùbá ni ó ní àrùn yìí, pé Òyìnbó kò ní in. Òyìnbó tí ń fi orúkọ pe ọ̀gá rẹ̀ ní ojú rẹ̀ náà ní in. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá, ọdún 1978, ọkọ̀ òfúrufú DC-8 ti United Airlines dé òkè ìlú Portland ní Amẹ́ríkà ní ìrọ̀lẹ́, ènìyàn 189 sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kalẹ̀ láti balẹ̀, wọ́n gbọ́ ariwo tí kò dára. Ọ̀gá awakọ̀ ní kí wọ́n máa yí po ní òkè kí wọ́n fi wádìí bóyá ẹsẹ̀ náà dúró ṣinṣin, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì fi múra èrò sílẹ̀. Wọ́n yí po tó wákàtí kan. Ilẹ̀ ṣú. Ẹnjiníà sọ iye epo tí ó kù, igbákejì pẹ̀lú béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wí gbangba pé, “Epo ń tán, ẹ jẹ́ kí a balẹ̀ nísinsìnyí.” Gbogbo ọkàn ọ̀gá wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀. Epo tán, ẹ́ńjìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì já sáàárín igi ní ẹ̀bá ìlú, ó ku nǹkan bíi máìlì mẹ́fà kí ó dé pápá. Ènìyàn mẹ́wàá kú. Ẹnjiníà tí ó mọ iye epo wà nínú wọn.

Ọ̀ràn Portland yìí wà lára ohun tí ó ṣí ojú wọn. Ní ọdún 1979, àjọ NASA, àwọn tí ó rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá, pe àwọn onímọ̀ jọ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1981, United bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ gbogbo awakọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tuntun kan. Ẹ̀kọ́ náà kò kan bí a ti ń wa ọkọ̀. Bí a ti ń bá ara ẹni sọ̀rọ̀ níwájú ọkọ̀ ni. Wọ́n kọ́ ọ̀gá láti máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé, “Kí ni ìwọ rí?” kí ó sì dúpẹ́ nígbà tí ó bá dá a lóhùn. Wọ́n kọ́ ọmọ abẹ́ láti sọ ohun tí ó rí. Bí ọ̀gá kò bá gbọ́, kí ó sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe. Bí kò bá tún gbọ́, kí ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Bí ewu bá sì dé tán, kí ó gba ọkọ̀. Òfin mìíràn tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1981 kan náà ni pé bí ọkọ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ eré níwájú ọkọ̀ mọ́. (Kí àwọn tí ń bá dírẹ́bà jiyàn òṣèlú láti Kánò dé Ìlọrin fetí sí èyí.)

Ohun tí ó wù wá jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé, bí awakọ̀ bá rí i pé ìbalẹ̀ òun kò lọ déédéé, tí ó sì gbé ọkọ̀ padà sókè láti tún un bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bi í léèrè epo tí ó jó tàbí àkókò tí ó fi ṣòfò. Wọn kò ní kà á sí i lẹ́ṣẹ̀. Ẹ wo bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa: dírẹ́bà tí ó bá dúró sùn fún wákàtí méjì, èrò yóò máa bú u, ọlọ́kọ̀ yóò sì máa pè é lórí fóònù pé níbo ni ó há sí.

Ní ti Korean Air, Guam nìkan kò tó láti yí wọn padà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999, ọkọ̀ akẹ́rù wọn kan gbéra nínú òkùnkùn láti Stansted, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Aago tí ń fi ìdúró ọkọ̀ han ọ̀gá awakọ̀ ti bàjẹ́. Ẹnjiníà ń pè é pé ọkọ̀ ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Igbákejì, tí aago tirẹ̀ dára, kò sọ ohunkóhun títí ọkọ̀ fi já. Àwọn mẹ́rin tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Ní ọdún 2000 ni wọ́n mú David Greenberg wá láti Delta Air Lines ti Amẹ́ríkà láti tún gbogbo ètò wọn ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọkọ̀ wọn kan sá kọjá òpin ojú ọ̀nà pápá ní Cebu, ní ilẹ̀ Philippines, lóru nínú òjò. Imú rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn 173 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó jáde láàyè.

Kí a má sì tan ara wa jẹ pé ẹ̀kọ́ nìkan ti parí ọ̀ràn náà. Ẹ gbọ́ ti ilẹ̀ Íńdíà, èyí tí ó dun àwa tí a wà ní àjò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, ọdún 2020, nígbà àìsàn kòrónà, ọkọ̀ òfúrufú Air India Express ń kó àwọn ọmọ Íńdíà bọ̀ wálé láti Dùbáì. Ènìyàn 190 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn èrò tí ń wá ọ̀nà ilé lẹ́yìn tí àrùn ti sé ọ̀nà mọ́ wọn. Pápá Kozhikode wà lórí òkè tí a gé orí rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì wà ní òpin rẹ̀. Alẹ́ ni, òjò ń rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti balẹ̀, kò ṣeé ṣe, wọ́n padà sókè. Wọ́n wá gba ìhà kejì, atẹ́gùn sì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ojú ọ̀nà pápá náà jẹ́ 8,858 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn. Táyà ọkọ̀ kò kan ilẹ̀ títí ó fi jẹ 4,438 nínú rẹ̀. Igbákejì awakọ̀ pe ọ̀gá rẹ̀, ó sì wí pé kí wọ́n padà sókè. Ọ̀gá kò padà. Ọkọ̀ sá kọjá òpin pápá, ó já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì dá. Ènìyàn 21 kú, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì wà nínú wọn.

Ìwé ìwádìí ìjọba Íńdíà jáde ní ọdún 2021. Ó dá ọ̀gá awakọ̀ lẹ́bi pé ó tẹ̀ síwájú nígbà tí ó yẹ kí ó padà sókè. Ó sì tún wí pé igbákejì rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti sọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́, ìbá ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí gbọ́. Ní Guam wọ́n ní ọmọ abẹ́ kò sọ̀rọ̀ ní àkókò. Ní Kozhikode ó sọ̀rọ̀, wọ́n ní sísọ nìkan kò tó. Àwa wá ń fẹ́ gba ₦10,000 lọ́wọ́ ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí a kò gbọ́, tí ó sì fọwọ́ kan dírẹ́bà ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

A gbọ́ ohun tí àwọn tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ń wí, kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ asán. Wọ́n ní bí gbogbo ọmọdé bá ń jágbe mọ́ dírẹ́bà, ọkọ̀ kankan kò ní dé ilé mọ́. Òótọ́ ni. Ìjayà lè gbé ọkọ̀ sí kòtò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èrò ni a fún láṣẹ nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ẹni tí ó jókòó ti ọ̀gá nìkan ni, ọ̀gá sì mọ̀ kí wọ́n tó gbéra pé ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe pé a ti sọ fún dírẹ́bà wa ní gáréèjì pé, “Ọmọ yìí ni ojú kejì rẹ, bí ó bá ní kí o dúró, kí o dúró,” ìgbà àkọ́kọ́ ni ìbá ti dúró, ìyá wa kì bá sì máa fi okùn gbé apá kọ́ ọrùn lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, èyí tí a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ní ìpàdé. Dírẹ́bà náà ti wakọ̀ ní òru tí ó ṣáájú òru yẹn. Àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ ní gáréèjì ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Bí a bá wí pé “àṣìṣe awakọ̀” ni, tí a sì dákẹ́, a ti bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ní Guam, kọ̀ǹpútà kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí ó ké sí àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfúrufú bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ti pa á lẹ́nu mọ́ ní àyíká máìlì 54, nítorí pé ó máa ń ké láìnídìí. Àárẹ̀ ọ̀gá awakọ̀ náà wà nínú ohun tí àwọn olùwádìí kà sílẹ̀. Ní Kozhikode, ọ̀gá awakọ̀ fẹ́ balẹ̀ dandan nítorí pé òun náà ni yóò wa ọkọ̀ mìíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní àwọn ọ̀gá awakọ̀ tí ó tó níbẹ̀. Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ọkọ̀ VC10 ti Nigeria Airways fi gbogbo òru fò bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù gba Róòmù, ó bà ní Kánò yìí, ó sì kọjá lọ sí Èkó. Kò dé ibẹ̀. Ó kọlu igi nígbà tí ó ku nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ, gbogbo ènìyàn 87 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà náà. Ìwádìí sọ pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí wọ́n ti ga tó, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọn kò tí ì fojú rí ilẹ̀. Ó sì fi kún un pé a kò lè wí pé àárẹ̀ kò lọ́wọ́ sí i.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ kí ìpàdé ṣe rèé. Kí a fọwọ́ wọ́nú ẹjọ́ ọmọ yìí, kí a tú u sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tí ó jágbe sí, kí ó dọ̀bálẹ̀ nínú ilé bàbá náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn ní gbangba. Kí ẹgbẹ́ má tún háyà ọkọ̀ kankan tí kò ní dírẹ́bà méjì, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tí ó bá wakọ̀ lóru àná kò gbọdọ̀ wa tiwa. Owó yóò lé díẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ti bá àwọn ìyá alátẹ sọ ọ́, púpọ̀ nínú wọn sì ní àwọn yóò san án. Kí ọkọ̀ máa gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ ọn lọ́nà, kí ó yà sí ìlú kí wọ́n sùn. Kí a yan ẹnì kan tí yóò jókòó ti dírẹ́bà, kí alága fi í hàn án lójú gbogbo èrò kí ọkọ̀ tó ṣí, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí àgbà, ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ìpàdé náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. A bẹ gbogbo ẹni tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, pàápàá àwọn tí ó jókòó ní iwájú, kí wọ́n wá sọ ohun tí ojú wọn rí. A ti ránṣẹ́ sí dírẹ́bà pẹ̀lú. Ó ní òun yóò wá bí ọ̀gá òun bá fún òun láyè ní ọjọ́ náà.